Ògbufọ̀ Inú Àpótí Dígí

Kádíìfù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń ti orí omi bọ̀.
Ẹyẹ òkun kan bà sórí òrùlé Ilé Ìgbìmọ̀,
ó ń wo àwọn tó ń wọlé bí agbowó ibodè.
Mo ti wà nínú àpótí dígí mi láti aago kan,
èmi àti Gethin, ife tíì méjì, gbohùngbohùn kan.
Bí ọpọlọ tèmi bá gbóná, tirẹ̀ á gbà á.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n má sí níbẹ̀.
Bí wọ́n bá fi Wẹ́lìṣì wí pé “mo”,
èmi náà á fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé “mo”.
Mo ti jẹ́ àgbẹ̀ tí àgùntàn rẹ̀ ń kú,
mo ti jẹ́ Mínísítà ìnáwó lẹ́ẹ̀mẹrin,
mo ti tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá.
Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù:
ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Aago méjì kọjá. Ìbéèrè lórí oúnjẹ ilé ìwé,
ìbéèrè lórí ọkọ̀ ojú irin tó ń pẹ́.
Ẹnìkan kígbe. Olórí Ilé ní kó jókòó.
Ó jókòó díẹ̀.
Lẹ́yìn náà, owó: èyí tí Lọ́ńdọ̀nù bù wá,
èyí tí Lọ́ńdọ̀nù kò bù.
Ọmọ ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ àká ṣì wà lápò bàbá.

Nígbà náà ni Mabli Treharne dìde,
ẹrẹ̀ ṣì wà létí bàtà rẹ̀.
Òkìtì èédú ló bá wá,
èyí tí àwọn awakùsà kó jọ sórí òkè Cwm Haidd
kí wọ́n tó ti kòtò pa, kí wọ́n tó lọ.
Hen Gath ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Ológbò Àgbà,
nítorí ó lóṣòó sókè àwọn òrùlé, kì í sùn.
Bí òjò bá rọ̀ lóru, bàtà ni wọ́n ń wọ̀ sùn.

Ó ní: “Lóṣù Èrèlé, ó na ẹsẹ̀ kan.
Ẹrẹ̀ dúdú gba ilé ìdáná Arábìnrin Prydderch,
ó gbé sítóòfù, ó gbé àwòrán ìgbéyàwó,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wọn.
Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò kí òtútù tó padà.”
Mo ń gbé e kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì
bí ẹni tó ń gbé ẹyin gun àkàbà.
“Ilé ìwé wọn,” ló wí. Mo gbọ́ ọ kedere.
Ẹnu mi sọ pé: “ilé ìwé wa.”

Gethin wò mí. N kò wò ó.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ení, èjì;
láti fèrèsé kejì, Ológbò kún ojú ọ̀run.

Mínísítà Tegwyn Bebb dáhùn. Ó káàánú.
Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì ti yan ìgbìmọ̀ kékeré.
Ó ní kí Lọ́ńdọ̀nù wá sanwó,
torí èédú ọ̀hún ti jáde nílẹ̀ kí ilé yìí tó lórùlé.
Òtítọ́ ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.
Òtítọ́ kò ní ṣọ́bìrì.

Agogo ìbò dún.
Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ̀.
Bí ìbò bá dọ́gba, àṣà ni
pé kí Olórí Ilé dìbò fún bí nǹkan ṣe wà.
Ó dìbò fún bó ṣe wà.
Ológbò wà bó ṣe wà.

Nísàlẹ̀, ìyá arúgbó kan ń dá ẹ̀rọ etí padà,
ó ń nù ún bí abọ́ tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò.
Kò gbọ́ Wẹ́lìṣì: ẹgba ni wọ́n fi lé e
kúrò lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, nílé ìwé kan náà.
Mo dágbére fún olùṣọ́. Ó yíjú sóhùn mi.
“Ìwọ lo wà létí mi látàárọ̀.”
“Ọ̀rọ̀ wọn ni mo sọ, Mà.”
“Mo mọ̀,” ni Heulwen Prydderch wí.
“Àfi ẹyọ kan. Òpópónà wo ni?”

Mo sọ fún un. Ó di apá mi mú.
Òjò kò tíì dá.